Owó Ìdáwó Lẹ́yìn Omíyalé: Ta Ló Ń Dúró Di Ọdún Kẹta?

Láti oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kọkànlá, ìbéèrè kan ló máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ń gbé etí odò Ògùn, láti Ìṣẹ́rí títí dé Májídùn: ṣé wọ́n ti tú omi Ọ̀yán sílẹ̀? Ìpínlẹ̀ Ògùn ni dáàmù yẹn wà. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i, omi tó lè gbà tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, ìkáwọ́ àjọ tó ń mójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun fún ìjọba àpapọ̀ ló sì wà. Bí òjò bá pọ̀ jù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú lára omi náà sílẹ̀ kí dáàmù má bàa ya, omi á sì gba ojú odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọ̀sà Èkó. Òwódé Onírin, Àjẹgúnlẹ̀, Ìtowolò àti Májídùn ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Lórí máàpù, Kòṣọ́fẹ́ ló ni púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe Ìkòròdú tiwa, àmọ́ ẹni tí mọ́tò rẹ̀ há sínú omi ní Àjẹgúnlẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ní Ògòlòǹtò kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ààlà ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e kò ṣòro láti sọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àánú á pọ̀. LASEMA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí pàjáwìrì, á dé, olóṣèlú á dé tòun ti oníkámẹ́rà, ṣọ́ọ̀ṣì á gbé ìrẹsì wá, mọ́sáláṣí á gbé búrẹ́dì àti píọ̀ wọ́tà wá, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun á fi owó ránṣẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, omi ti fà, àwọn àlejò náà ti lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ògiri tó mu omi ti ń bó, aṣọ oníbàárà ti jẹrà lọ́wọ́ télọ̀, obìnrin tó ń ta ẹja yíyan ti fi owó tó yẹ kó san fún alájọ bọ́ ọmọ, owó iléèwé táàmù tuntun sì ti wọlé. Kò sẹ́ni tó ń dáwó fún ọ̀sẹ̀ kẹrin, ká má tíì sọ ti ọdún kẹta.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjì líle máa ń jà ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ. Ìjì tí wọ́n ń pè ní hurricane kì í dé Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tó le jù ló ti ìhà tiwa gbéra: atẹ́gùn tó ń gba orí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá lásìkò òjò ló máa ń bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì, tí omi gbígbóná á sọ di ìjì kó tó dé Kàríbíà àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjì Melissa kọlu Jamaica lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2025, ìdáwó bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé, ìbéèrè àtijọ́ náà sì tún gbérí: kí ló máa kù nínú owó yìí nígbà tí tẹlifíṣàn bá ti yí ojú kúrò? Ìjọba Jamaica ti múra sílẹ̀ fún apá kan nínú ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú ìnṣọ́ráǹsì kan nípasẹ̀ Báńkì Àgbáyé kí ìjì tó dé, ó sì san 150 mílíọ̀nù dọ́là fún wọn ní kíkún. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ni èyí. Ti ìdáwó àwọn aláàánú ni mo fẹ́ sọ.

Katrina ni gbogbo ènìyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2005, ó kọlu etíkun Louisiana àti Mississippi, àwọn ògiri tó yẹ kó dí omi lọ́nà ní New Orleans ya, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìlú náà sì wọ inú omi. Àwọn ará Amẹ́ríkà dáwó bí ẹni pé owó ò ní tán. Red Cross nìkan gba ohun tó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Oúnjẹ, ibùsùn àti owó ìnáwó ojú ẹsẹ̀ fún àwọn ìdílé tó sá kúrò nílé ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀, ẹni tí ebi ń pa kò ṣe é fi sílẹ̀. Àmọ́ ilé ò tíì dúró, iléèwé ò tíì ṣí, ilé ìwòsàn ò tíì padà, owó tó pọ̀ jù sì ti lọ. Títí di òní, ìpín tó kéré ni àwọn aláàánú máa ń fi sílẹ̀ fún àtúnkọ́ àti àtúnṣe nínú owó tí wọ́n bá dá nítorí àjálù. Ojú tó ń rí omi ló ń dáwó. Nígbà tí omi bá ti lọ, ọwọ́ á padà sápò.

Ohun tó yẹ ká kọ́ lọ́dọ̀ wọn jù kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń rí owó kó jọ, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe ń pín in nígbà tí kò bá pọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìjì Camille tó jà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú rí i pé àwọn ń forí gbárí: ilé kan gba aṣọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ márùn-ún, ilé kejì ò gba nǹkan kan. Lọ́dún 1970, wọ́n dá àpapọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní National VOAD. Láti ara irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Long-Term Recovery Group ti jáde ládùúgbò tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, mọ́sáláṣí àti sínágọ́gù lè wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò, báńkì àdúgbò, ẹgbẹ́ àwọn kápẹ́ńtà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n á yan àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n mú ọ̀ràn ìdílé kọ̀ọ̀kan dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni yìí á lọ sílé wọn, á wo ohun tó bàjẹ́, á béèrè ohun tí ìjọba ti fún wọn àti ohun tí ìnṣọ́ráǹsì san, á wá kọ ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù yẹn ló máa ń gbé dé iwájú tábìlì àwọn ẹgbẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé opó kan ni, òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Ìjọba ti fún un lówó díẹ̀, ìyẹn ò sì tó. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, ẹni tó mú ọ̀ràn náà wá á ka ohun tó kù síta. Ẹgbẹ́ Mennonite Disaster Service, tó ti wà láti ọdún 1950, á ní àwọn máa kó òṣìṣẹ́ wá láìgba kọ́bọ̀. Ìjọ kan á ní àwọn máa san owó pákó àti páànù. Àjọ mìíràn á gbé owó iná mànàmáná. Bí ohun tó kù bá ti pé, wọ́n á bọ́ sórí ẹlòmíràn. Nọ́ńbà ni wọ́n sì máa ń fi ṣàpèjúwe ìdílé náà, kì í ṣe orúkọ, kí ojú má bàa ti ẹni tó ní ìṣòro. Ẹ fi èyí wé tiwa, níbi tí ẹni tó gba àpò ìrẹsì kan gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n ya fọ́tò òun àti ìrẹsì náà pọ̀.

Ọdún mélòó ni irú tábìlì bẹ́ẹ̀ máa ń wà? Ó lè tó méjì, ó lè tó márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tó ń gbé e dúró, ìyẹn owó oṣù akọ̀wé àti ti àwọn tó ń tọpa ìdílé, ló ṣòro jù láti rí, torí kò sí olùdáwó tó fẹ́ gbọ́ pé owó òun lọ sórí owó oṣù. Gbogbo wọn fẹ́ kó di páànù tàbí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n láìsí ẹni tó mọ ilé wo ló nílò páànù, páànù á lọ sílé ẹni tó mọ alága.

Apá kan wà tó yẹ kó ká àwa ará Ìkòròdú lára ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjì Maria jà ní Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 2017, FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àjálù, dá ìwé ìbéèrè ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé padà torí pé wọn kò lè fi hàn pé àwọn ló nilé. Ilé bàbá bàbá wọn ni, ẹnu ni wọ́n fi pín in, kò sẹ́ni tó lọ yí orúkọ ìwé padà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Louisiana lẹ́yìn Katrina, pàápàá láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibi tí owó aláàánú ti wúlò jù nìyẹn: wọ́n fi gba àwọn agbẹjọ́rò tó bá àwọn ìdílé to ìwé, tí wọ́n sì ń bá FEMA fà á. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, FEMA yí ìlànà rẹ̀ padà, wọ́n gbà kí onílé lo oríṣiríṣi ẹ̀rí mìíràn. Owó agbẹjọ́rò kan lè ṣílẹ̀kùn owó ìjọba fún ọgọ́rùn-ún ilé, èyí tí ọgọ́rùn-ún àpò ìrẹsì ò lè ṣe láé.

Ta ni kò mọ bó ṣe rí ní tiwa? Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, rìsíìtì onílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rí já jẹ, ó ní sọ́fè. Àwọn tó ní C of O ò pọ̀. Inú báàgì lókè àga ni ìwé náà wà, omi ti gbé báàgì lọ. Lọ́jọ́ tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá ní òun fẹ́ san owó gbà-má-bínú, báwo ni ẹni yẹn ṣe máa fi hàn pé òun nilé? Ìdí nìyí tí mo fi rò pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún owó ìdáwó, kí omi tiẹ̀ tó dé, ni kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àti CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ya àwòrán ìwé gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà omi, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí omi ò lè dé. Kò ná ju owó dátà lọ.

Ìwé nìkan kọ́ ni ewu. Ètò Road Home, tí ìjọba fi owó ran àwọn onílé Louisiana lọ́wọ́ láti tún ilé kọ́, fi iye tí ilé náà tó kí ìjì tó jà sínú ìṣirò. Ilé tó wà ládùúgbò aláwọ̀ dúdú kò lówó lórí, bẹ́ẹ̀ iye sìmẹ́ńtì àti pákó kò yàtọ̀ sí ti àdúgbò olówó. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ilé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ọdún 2011 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀.

Àánú ńlá náà lè di wàhálà. Òṣèré Brad Pitt dá ẹgbẹ́ Make It Right sílẹ̀ lọ́dún 2007 láti kọ́ 150 ilé sí Lower Ninth Ward, àdúgbò tí omi bàjẹ́ jù ní New Orleans. Wọ́n kọ́ ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn ayàwòrán ilé tó lókìkí káyé ló ya wọ́n. Àwọn ilé náà rẹwà. Ṣùgbọ́n òrùlé àwọn kan tẹ́jú nílùú tí òjò ti ń rọ̀ gan-an, pákó tí wọ́n fi kọ́ àwọn mìíràn kò lè gba ọ̀rinrin. Omi ń jò, pákó ń rà. Lọ́dún 2018 àwọn onílé pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́, lọ́dún 2022 wọ́n fẹnu kò sí 20.5 mílíọ̀nù dọ́là. Ká ní wọ́n ti bi àwọn kápẹ́ńtà ìlú náà bí òrùlé ṣe yẹ kó rí, bóyá owó yẹn ìbá ti lọ sórí ilé mìíràn.

Ìgbà wo ló yẹ kí owó jáde? Kò sí ìdáhùn kan. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní Texas, ní oṣù Kẹjọ 2017, owó tí wọ́n kó jọ sọ́dọ̀ Greater Houston Community Foundation lé ní 114 mílíọ̀nù dọ́là. Wọn ò pín in lẹ́ẹ̀kan. Ìpín-ìpín ni wọ́n ń mú un jáde, àwọn ẹgbẹ́ tó ti mọ àdúgbò ni wọ́n sì kó o fún. Ní New Jersey lẹ́yìn ìjì Sandy ti ọdún 2012, owó ìdáwó kan wà tí àwọn ènìyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù bínú sí, pé ó ti pọ̀ nílé ìfowópamọ́ kò sì tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó dá a dúró ní ìdí, àmọ́ wọn ò tètè ṣàlàyé rẹ̀. Èmi gbà pé kí ìdajì má jáde títí di oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kéde èyí lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdáwó, kì í ṣe lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn bá ń pariwo.

Nílé níbí, a ti dán ìdáwó ńlá wò rí. Omíyalé ọdún 2012 pa 363 ènìyàn, ó sì lé mílíọ̀nù méjì ó lé kúrò nílé, gẹ́gẹ́ bí NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí pàjáwìrì, ṣe sọ. Ìjọba àpapọ̀ yọ 17.6 bílíọ̀nù náírà sílẹ̀. Ààrẹ Goodluck Jonathan tún gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Aliko Dangote àti agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba ni alága rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń wá. Níbi oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n fi kó owó jọ ní Abuja ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, 11.35 bílíọ̀nù ni àwọn ènìyàn ṣèlérí. Ìlérí ni mo wí o. Ẹni tó ti ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé owó tí wọ́n kéde lórí máìkì àti èyí tí akápò kà kì í sábà dọ́gba.

Ní oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí omi lé àwọn ará Àjẹgúnlẹ̀ jáde, ìjọba Èkó kó wọn lọ sí àgọ́ ní Àgbọ́wá, lápá Ẹ̀pẹ́. Ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣòwò ní Mile 12 ò lè máa ti Àgbọ́wá lọ sọ́jà láràárọ̀. Ibùsùn wà, iṣẹ́ ò sí nítòsí, ènìyàn á sì padà síbi tí omi ti lé e.

Kí wá ni Ìkòròdú ní lọ́wọ́? Ó pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. CDA wà ní gbogbo àdúgbò, ó ní alága, akọ̀wé àti akápò, ó sì ń ṣèpàdé. Àjọ àti èsúsú ti kọ́ wa bí owó ṣe ń dúró sọ́wọ́ ẹnìkan láìsọnù. Àwọn Mùsùlùmí ní sàká, Kùránì sì ka onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tó tọ́ sí nínú Sura Tawba, ẹsẹ 60. Oníṣòwò tí omi gbé ọjà àwìn rẹ̀ lọ, tí ẹni tó tà á fún un sì ń dúró de owó, onígbèsè ni. Ẹ ò rí i pé kò pọn dandan kí ìràn-án-lọ́wọ́ rẹ̀ parí sórí oúnjẹ. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní owó ìkórè, bí wọ́n bá ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún kí omi tó dé, wọn ò ní máa sáré ka igbá nígbà tí ilé ti rì.

Ohun tí kò sí ni ibi tí owó wọ̀nyí ti lè pàdé. Òfin CAMA ti ọdún 2020 fàyè gba kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, kí ó lè ní àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀, kí ó sì máa fi ìṣirò ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Àwọn CDA tó wà lójú ọ̀nà omi lè para pọ̀ ṣe ọ̀kan. Mo fẹ́ kí obìnrin ọjà wà nínú àwọn tó ń fọwọ́ sí owó jáde, torí wọ́n mọ ẹni tó jẹ gbèsè lóòótọ́ àti ẹni tó ń ṣe bí ẹni jẹ gbèsè.

A ò sì gbọ́dọ̀ da ti Amẹ́ríkà kọ láìronú. Tí wọ́n bá fi dọ́là pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, dọ́là ni wọ́n á bá níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba, kó tó pé ọdún kan, ó ti kọjá 1,500. Àpò sìmẹ́ńtì gun òkè tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà pamọ́ kó lè kọ́ ilé lọ́dún kẹta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fẹ́ńsì ló máa tó kọ́. Torí náà, èyí tí a bá fẹ́ fi pẹ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó lásán. Ẹ san owó iléèwé ọdún kan sílẹ̀ tààrà fún iléèwé. Ẹ ra irin àti páànù nígbà tí wọ́n ṣì wà ní iye tí owó ká, kí oníṣòwò kọ ìwé sí i. Ẹ fi èyí tó kù sínú ìwé gbèsè ìjọba tó ń so èlé.

Ìbéèrè tó le jù ni bóyá ó yẹ ká máa tún ilé kọ́ síbi tí omi máa padà sí. Ní New Jersey, ètò Blue Acres ti wà láti ọdún 1995: ìjọba á ra ilé lọ́wọ́ onílé tó bá fẹ́ lọ, á wó o, á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún omi. Lẹ́yìn Sandy, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á. Ní Èkó, lọ́dún 2024, ìjọba ní kí àwọn tó wà létí odò Ògùn, tó fi mọ́ Àjẹgúnlẹ̀ àti Òwódé Onírin, kó lọ sí orí òkè. Àmọ̀ràn náà dára, àmọ́ kò sówó nídìí rẹ̀. Apẹja Májídùn ò sì lè kó lọ sí Ìmọ̀tà, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ò ní bá a lọ. Ohun tó tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀n tuntun, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àti pákó tó máa gbé ilẹ̀ ilé rẹ̀ sókè.

Ayálégbé ní tirẹ̀ lè kó lọ lọ́la. Kò ní ilé tí a máa rà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ìwé tí a máa bá a wá, lánlọ́ọ̀dù kì í sì í dá owó padà nítorí omíyalé. Owó ilé ọdún kan ní Ọ̀dọ́gùnyán, pẹ̀lú ti àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n, ló ń dá a dúró sínú omi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pín fún àwọn tí omi lé, mi ò tíì rí àkójọ tí wọ́n kọ owó ilé sí.